Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Kan àbí Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún: Èwo Ni Ká Gbà fún Aláìsàn Wa?

Bí dókítà bá ti ní kí ẹbí lọ wá ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé tuntun ni?" Bó ṣe rí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró náà ló rí ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti UNIOSUN, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Òṣogbo ṣì ń pè ní LAUTECH. Àwọn kan á yẹ àpò ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á rí i pé ó ti lo ọjọ́ 26 nínú fíríìjì, wọ́n á fárígá pé àwọn ò gbà á. Àwọn mìíràn á sáré pe àbúrò wọn láti Òkè-Baálẹ̀ kó wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n gbà pé èyí tó ṣì ń gbóná ló lágbára.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. N ò ní fi ìdáhùn tèmi pamọ́ títí dé ìsàlẹ̀: fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó nílò ẹ̀jẹ̀, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò kò bá tíì kọjá, iye ọjọ́ tó ti lò kọ́ ló yẹ kó dá yín lágara. Àwọn aláìsàn kan wà tí ọjọ́ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, a ó dárúkọ wọn. Àmọ́ ohun tó yẹ ká máa bi ẹni tó wà ní báńkì ẹ̀jẹ̀ léèrè jù ni bí fíríìjì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti irú àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe sí i.

Ta ló dá ọjọ́ tó wà lára àpò?

Omi oògùn tó wà nínú àpò ló dá a. Kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gún ẹni tó fẹ́ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni omi yẹn ti wà níbẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun náà ló sì ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Lọ́dún 1916, Peyton Rous àti J. R. Turner ní Amẹ́ríkà po sítíréètì mọ́ ṣúgà, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1917, Oswald Robertson, dókítà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ti ń lo irú omi bẹ́ẹ̀ láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1937 ni Bernard Fantus dá èyí tó pè ní báńkì ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Cook County Hospital ní Chicago. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti tún omi yẹn ṣe ni ọjọ́ ń gùn sí i.

Oríṣi omi yìí mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Àpò CPD ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ọjọ́ 21. CPDA-1, tí wọ́n fi ádẹ́nìn kún, ń gbé e dé ọjọ́ 35. Òun ni a sábà máa ń rí níhìn-ín, nítorí odindi ẹ̀jẹ̀ mílílítà 450 la ṣì ń lò jù. Èyí tí wọ́n ti yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tó wá ku sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan, tí wọ́n wá fi omi SAGM tàbí AS-1 bọ́, lè dé ọjọ́ 42. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí tiwọn kọjá ọjọ́ 35, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SAGM yìí náà ni wọ́n ń lò.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń yàn. Àpò CPDA-1 tó pé ọjọ́ 30 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ààlà. Àpò SAGM tó pé ọjọ́ 30 lè ṣì ní ọjọ́ 12 níwájú. Ọjọ́ orí kan náà, ipò wọn kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹ ka ọjọ́ méjèèjì tó wà lára àpò, ọjọ́ tí wọ́n fà á àti ọjọ́ tí yóò ẹksípáyà, kẹ́ ẹ sì wo orúkọ omi tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíríìjì

Nínú ara wa, sẹ́ẹ̀lì pupa kan máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Nínú àpò, kò sí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín tó máa bá a palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ohunkóhun tó bá yọ lára rẹ̀, inú omi kan náà ló ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Òtútù dígírì 2 sí 6 ń mú kó rọra máa jẹun ni, kò ní kó má jẹun. Ṣúgà ń tán lọ, omi ń kan sí i, agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ATP, ń dín kù.

Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ń pè ní 2,3-DPG. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí hẹmóglóbìn jọ̀wọ́ ọ́síjìn tó gbé fún ẹran ara. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi máa pé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àpò. Ibí yìí gan-an ni ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ ti ní gbòǹgbò: sẹ́ẹ̀lì ọlọ́jọ́ 20 ń gbé ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ó ń háwọ́ nígbà tó bá kan pé kó fi sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ tẹ̀ lé e ni pé bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti wọ ara aláìsàn, ó máa ń rí 2,3-DPG rẹ̀ ṣe padà. Láàrin nǹkan bí wákàtí 7, ìdajì ti padà. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré.

Èkejì ni pòtáṣíọ̀mù. Nínú òtútù, ohun tó máa ń fa pòtáṣíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa jò síta lójoojúmọ́. Iye tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó dá ṣáṣá jẹ́ 3.5 sí 5 mmol/L. Nínú omi àpò SAGM tó pé ọjọ́ 42, ó lè tó nǹkan bí 50. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú àpò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀; bí a bá kó gbogbo pòtáṣíọ̀mù tó jò jọ, nǹkan bíi mmol 5 sí 7 ni, kò sì tó èyí tí àgbàlagbà ń jẹ nínú oúnjẹ ọjọ́ kan rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá rọra ń kán wọlé fún wákàtí méjì mẹ́ta, tí kíndìnrín sì dá, ara á gbé e. Ìkókó tí ò wúwo ju kílò méjì lọ, tí wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ̀kẹta ni ìrísí. Sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun rọ̀, ó sì tẹ́ lápá méjèèjì. Ó lè ká ara rẹ̀ wọ inú iṣan tí kò fẹ̀ tó o. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó máa ń hu ẹ̀gún lára bíi òòrẹ̀, ó sì ń le. Ẹyọ kékeré-kékeré ń já kúrò lára awọ rẹ̀. Àwọn kan á bẹ́, hẹmóglóbìn wọn á dà sínú omi, bí ìyẹn bá sì pọ̀, ó lè máa gba náítíríìkì ọ́ksáìdì tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin fi fi ààlà sí i: ní Amẹ́ríkà, iye tó bẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ títí di ọjọ́ tó máa ẹksípáyà; ní Yúróòpù, 0.8. Wọ́n tún fẹ́ kí ó kéré tán 75 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì náà ṣì máa yí kiri nínú ara ní wákàtí 24 lẹ́yìn tí wọ́n fà á sí i lára.

Ẹ ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó túmọ̀ sí pé àpò tó wà ní òpin ọjọ́ rẹ̀ lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, òfin ò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí. Lójú tèmi, èyí ni àǹfààní gidi tí ẹ̀jẹ̀ tuntun ní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: sẹ́ẹ̀lì tó máa bá èèyàn pẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "agbára" tí a ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

| Ohun tí à ń wò | Ọ̀sẹ̀ kìíní | Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta | Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí òpin |
|---|---|---|---|
| 2,3-DPG | Ó ṣì pọ̀ | Ó ń tán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán | Kò sí mọ́. Ara aláìsàn ló máa dá a padà |
| Pòtáṣíọ̀mù nínú omi àpò | Ó kéré | Ó ń gòkè | Ó pọ̀ jù lọ |
| Ìrísí sẹ́ẹ̀lì | Ó rọ̀, ó ń tẹ̀ | Ẹ̀gún ti ń hù lára àwọn kan | Ọ̀pọ̀ ti le, àwọn kan ti bẹ́ |
| Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ṣì wà láàyè | Ó wà | Ó ń kú lọ | Kò fi bẹ́ẹ̀ sí |
| Kòkòrò tó lè hù nínú òtútù, bó bá ti wà níbẹ̀ | Kò tíì ráyè | Ó lè máa pọ̀ | Ó ti ráyè jù |

Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Àwọn tí G6PD wọn, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó, tí wọ́n pọ̀ láàrin wa, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fara da fíríìjì tó ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, àpò méjì tí wọ́n fà lọ́jọ́ kan náà lè má rí bákan náà lọ́jọ́ 30.

Nígbà tó wọ ara èèyàn ńkọ́?

Ohun tó wà nínú àpò jẹ́ ọ̀kan. Bóyá ó ń pa aláìsàn lára jẹ́ òmíràn. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà ní Cleveland ní Amẹ́ríkà wo ìwé àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tí wọ́n ju 6,000 lọ. Wọ́n rí i pé àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá ọjọ́ 14 kú sí ilé ìwòsàn ju àwọn tó gba tuntun lọ: 2.8 nínú 100, sí 1.7. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó pín àwọn aláìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò bára wọn dọ́gba tẹ́lẹ̀.

Wọ́n wá ṣe é bó ṣe yẹ: wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó máa gba tuntun àti ẹni tó máa gba èyí tó ti pẹ́. Ìwádìí ABLE, ní Kánádà àti Yúróòpù, tó jáde ní 2015, kó 2,430 àgbàlagbà tí àìsàn wọn le jọ. Ìlàjì kan gba ẹ̀jẹ̀ tó lo nǹkan bí ọjọ́ 6, ìlàjì kejì gba ti ọjọ́ 22. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, 37 nínú 100 ló kú lára àwọn tó gba tuntun, 35.3 lára àwọn yòókù. Lọ́dún kan náà, RECESS wo iṣẹ́ abẹ ọkàn, ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ gan-an; ọjọ́ 10 sísàlẹ̀ sí ọjọ́ 21 sókè; kò sí ìyàtọ̀. INFORM tẹ̀ lé e ní 2016 pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 20,000 ní Ọsirélíà, Kánádà, Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà: 9.1 nínú 100 ló kú sí ilé ìwòsàn lára àwọn tó gba tuntun, 8.7 lára àwọn yòókù. TRANSFUSE ní 2017, nǹkan bí 5,000 èèyàn, bákan náà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tí àìsàn wọn le, pẹ̀lú ABC-PICU ní 2019, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn wá láti Kampala, torí pé irú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ la máa ń rí nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé ní Òṣogbo lásìkò òjò, nígbà tí ẹ̀fọn bá gbòde. Ní ilé ìwòsàn Mulago, wọ́n mú ọmọ 290, láti oṣù mẹ́fà dé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára wọn débi pé hẹmóglóbìn wọn kò ju 5 g/dL lọ, ẹran ara wọn ti ń pebi ọ́síjìn, àsìídì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibà àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló fa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sẹ́ẹ̀lì pupa ọjọ́ 1 sí 10, wọ́n fún ìdajì kejì ní ti ọjọ́ 25 sí 35. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ bá ń háwọ́ ọ́síjìn lóòótọ́, ara irú àwọn ọmọ yìí ló yẹ kó ti hàn. Lẹ́yìn wákàtí 8, àsìídì náà ti wálẹ̀ dé ibi tó dáa lára 61 nínú 100 àwọn tó gba èyí tó pẹ́, àti lára 58 nínú 100 àwọn tó gba tuntun. Àwọn ọmọ náà mí, ara wọn sì balẹ̀, yálà ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ tàbí kò pẹ́.

N ò ní parọ́ pé ìwádìí wọ̀nyí dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ló gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Columbia, New York, ní 2017, lo àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, ó sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń tú irin púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á, ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sísàlẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é ní kí Amẹ́ríkà dín ọjọ́ kù sí 35. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn. Bí mo bá ní ọ̀nà méjì, n ò ní yan èyí tó wà ní ọjọ́ 40. Àmọ́ a ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yẹn pẹ̀lú àpò CPDA-1, torí ọjọ́ 35 ni tirẹ̀ ti parí.

Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ AABB ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ báńkì ẹ̀jẹ̀ láyé ń tẹ̀ lé ìlànà wọn, sọ pé kí wọ́n máa fún aláìsàn ní sẹ́ẹ̀lì pupa èyíkéyìí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kì í ṣe pé kí wọ́n máa wá tuntun nìkan.

Àwọn tó yẹ kó béèrè tuntun

Ìkókó tí ibà pọ́njú-pọ́njú mú, tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kó má ju ọjọ́ 5 lọ, nítorí pòtáṣíọ̀mù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Àmọ́ ọmọ tí kò pé oṣù tí wọ́n kàn fẹ́ fi mílílítà díẹ̀ kún tirẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ìwádìí ARIPI ní Kánádà, tó jáde ní 2012 pẹ̀lú ọmọ 377, kò rí ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́ 7 sísàlẹ̀ àti èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹni tó ní SS tó ń gba ẹ̀jẹ̀ déédéé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pẹ́ lára rẹ̀, ìgbà tó máa padà wá á jìnnà, irin tó ń ṣẹ́ jọ sí i lára á sì dín kù. Bó bá ṣeé ṣe, kó má ju ọjọ́ 10 lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú ọjọ́ fún irú ẹni yìí: kí àyẹ̀wò ìbáramu rẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹni tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sì jẹ́ AA. Ẹ̀jẹ̀ AS ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò sàn fún un ju AA ọlọ́jọ́ 20 lọ.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí pòtáṣíọ̀mù rẹ̀ ti ga, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ da àpò púpọ̀ sí lára kíákíá láàrin wákàtí díẹ̀. Ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Ẹni tí kò yẹ kó dúró de tuntun rárá ni ìyálọ́mọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àti ẹni tí ọkọ̀ kọlù. Ẹ gba èyí tó bá a mu tó wà nílẹ̀, kódà bó ku ọ̀la kó ẹksípáyà. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wá tuntun kiri láti Ọláìyá dé Ilé-Ifẹ̀, òun ni ń pa èèyàn.

Ẹ̀jẹ̀ àbúrò tó ṣì ń gbóná

Kì í ṣe ìwà òpè kí èèyàn fẹ́ èyí. Odindi ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú, èyí tí kì í pẹ́ nínú fíríìjì. Àwọn ológun ń lò ó lójú ogun níbi tí kò sí báńkì. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, ẹ gbé e yẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n fà á tààrà.

Lákọ̀ọ́kọ́, HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B àti C, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí à ń pè ní sífílíìsì, gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kó tó wọ ara ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lóru lè má rí àrùn tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Àbúrò tí gbogbo ẹbí ń wò lójú, ṣé ó máa lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ní ohun kan tí òun ń bò mọ́ra? Kòkòrò sífílíìsì sì máa ń kú bí ó bá lo ọjọ́ mélòó kan nínú òtútù; ẹ̀jẹ̀ gbígbóná kò ní ààbò yẹn.

Lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan wà tí ẹbí kì í gbọ́ rárá. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ṣì wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá lè jọ ti aláìsàn débi pé ara rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n sí àjèjì. Wọ́n á ríbi jókòó, wọ́n á wá kọjú ìjà sí awọ ara, ẹ̀dọ̀, ìfun àti mùdùnmúdùn egungun. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ṣe kì í sábà yè é. Ẹ̀jẹ̀ ẹbí tó ṣì tuntun ni a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìjì, ewu náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò. Níbi tí ẹ̀rọ ìtànṣán wà, wọ́n á fi pa sẹ́ẹ̀lì funfun náà, ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn tún ń mú kí pòtáṣíọ̀mù yára jò.

Èyí tó dáa jù ni kí àbúrò fa tirẹ̀ sí báńkì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ fún ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ sì gba àpò tó ti ṣe tán. Bí ẹni tó wà ní báńkì bá sì mú àpò tó pẹ́ jù fún yín, ẹ má rò pé ó ń rẹ́ yín jẹ. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló máa ẹksípáyà sórí àga fíríìjì, pàápàá O négátíìfù tí kò pọ̀ láàrin wa.

Fíríìjì àti ojú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gbé àpò méjì síwájú yín. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́jọ́ 5, ṣùgbọ́n inú fíríìjì ilé ìdáná ló wà, iná ọba sì ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta lórí rẹ̀, láìsí jẹnẹrétọ̀. Èkejì jẹ́ ọlọ́jọ́ 28, inú fíríìjì báńkì ẹ̀jẹ̀ gan-an ló wà, tó ní thermometer àti agogo ìkìlọ̀, tó ń jẹ iná sólà bí iná ọba bá lọ, tí wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èkejì ni mo máa mú, n ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọjọ́ 35 tí wọ́n kọ sára àpò, dígírì 2 sí 6 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀; bí òtútù bá ti yẹ̀, ọjọ́ yẹn kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ẹ lè béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè rí ìwé tí ẹ ń kọ òtútù fíríìjì sí?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí i.

Àwa ẹbí náà ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní kí a lọ gbé ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan wá sí òmíràn, a ó fi sínú láílọ́ọ̀nù, a ó gun ọ̀kadà nínú oòrùn láti Ògo-Olúwa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lo ju ìṣẹ́jú 30 lọ níta fíríìjì, wọn kì í gbà á padà mọ́. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fà á sí aláìsàn lára, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ kó tó tán. Kúlà tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi páálí tàbí aṣọ sí àárín áìsì àti àpò. Bí áìsì bá kan àpò, sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ á dì, á sì bẹ́. Ẹ má gbé e sí fírísà láé. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá lókè òkun ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa dì fún ọdún 10, ṣùgbọ́n gílísẹ́rọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, nínú òtútù tó lé ní dígírì 65 sí ìsàlẹ̀ òdo, wọ́n á tún fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó lò ó. Ẹ má sì fi sínú omi gbígbóná tàbí abẹ́ abíyá pé ẹ fẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀sì, ẹ gbé àpò náà sókè síwájú iná. Bó bá jẹ́ odindi ẹ̀jẹ̀ tó ti fìdí kalẹ̀, omi òkè rẹ̀ yẹ kó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi koríko gbígbẹ. Bó bá ti pupa, sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́. Bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà bá dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, tó ní ìfóófòó, tó dì, tàbí tí àpò ń jò, ẹ dá a padà, yálà ọjọ́ méjì ló ní tàbí 32.

Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti dá ọjọ́ sí, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ lọ bá báńkì ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, kẹ́ ẹ mú àwọn tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání. Wọ́n á ráyè ṣe gbogbo àyẹ̀wò, wọ́n á sì fi àpò tó bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára.